Èéfín Ogójì Ààrò

Adébímpé ni orúkọ obìnrin náà, òun ló sì ń kó oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ ogun Olúbọ̀dé ní Ìjàyè. Ọdún kejì ogun Ìjàyè ni, nígbà tí Ẹ̀gbá lọ gbè lẹ́yìn Ìjàyè láti bá Ìbàdàn jà. Adébímpé ti lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n sá kúrò nínú igbó Ẹ̀gbá wá sí abẹ́ Olúmọ. Ó ru ìkòkò méjì. Ọ̀kan fọ́ lọ́nà, ọ̀kan dé. Dìran àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn ìyá wọn. Ọdún kẹta tí wọ́n dé ni ìyá náà kú, ohun tó sì sọ fún Adébímpé kẹ́yìn ni pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ebi pa Dìran. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó lọ́kọ. Nígbà tí Dàhómì wá bá Abẹ́òkúta jà lẹ́nu odi, ọkọ rẹ̀ wà lórí odi náà. Adébímpé sáré gbé ẹ̀kọ lọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò bá a mọ́. Ó pín ẹ̀kọ náà fún àwọn tó dúró sí àyè rẹ̀, ó sì padà sílé.

Ọjọ́ náà ló mọ̀ pé ogun ẹnu odi rọrùn láti bọ́. Ilé kò jìnnà sí ìbọn. Bí ebi bá ń pa ọmọ ogun, ìyàwó rẹ̀ á gbọ́ igbe rẹ̀. Ìjàyè kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni fún ẹni tó ru ẹrù. Oúnjẹ tí o kò bá dì lónìí, ebi rẹ̀ ti ń pa ẹnì kan lọ́tùn-únla.

Kò sí àká kan báyìí tí ìlú fi ń bọ́ àwọn ọmọ ogun nígbà náà. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ àwọn ọkùnrin tirẹ̀. Ọkùnrin mẹ́wàá láti ilé kan a máa jẹun ní ààrò kan, ààrò kan a sì máa jẹ apẹ̀rẹ̀ láfún kan láti ọjọ́ kẹsàn-án dé ọjọ́ kẹsàn-án, pẹ̀lú ata gbígbẹ, irú àti iyọ̀ Èkó. Olúbọ̀dé, tó jẹ́ olórí wọn, kó ogójì ààrò jáde. Nítorí náà ogójì apẹ̀rẹ̀ ni Adébímpé ń kó lọ, pẹ̀lú ogójì èèyàn tó ń rù ú. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń lọ, wọ́n á lo ọjọ́ kan ní ibùdó, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fi ń padà nítorí pé orí wọn ti fúyẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún ẹrù dì.

Kò sí ẹni tó ń ka orí ọmọ ogun. Èèwọ̀ ni. Wọ́n gbà pé ẹni tí èèyàn bá kà lójú ogun, ikú ti gbọ́ iye rẹ̀. Ààrò ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbára ẹgbẹ́ ogun kan ṣe tó, á béèrè pé ààrò mélòó ni. Bí Adébímpé bá ń padà bọ̀, Olúbọ̀dé á fún un ní okùn tí wọ́n ta ní kókó, kókó kan fún ààrò kan, kí àwọn àgbà ilé lè mọ iye oúnjẹ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Láti ọdún kìíní títí di àkókò tí mò ń sọ yìí, ogójì kókó ló wà lára okùn náà. Kò lé, kò dín.

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, sobìyà yọ sí ẹsẹ̀ òsì Adébímpé. Ó dùbúlẹ̀ fún ìrìn àjò mẹ́rin. Wùnmí ló ṣáájú àwọn èrò nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, obìnrin kan tí Adébímpé fi bí ọdún mẹ́wàá dàgbà jù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà jinná, Olúṣẹ̀yẹ ránṣẹ́ pe Adébímpé.

Olúṣẹ̀yẹ ni àgbà tí Olúbọ̀dé fi sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ogun náà nílé. Àgbẹ̀ ni. Àkọ́bí rẹ̀, Adétáyọ̀, wà ní Ìjàyè pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́sàn-án mìíràn láti agbo ilé rẹ̀.

"Òjò ti sún mọ́lé," Olúṣẹ̀yẹ ní. "Oko ò ní ọwọ́. Àwọn tó pàgọ́ sápá ọ̀tún Olúbọ̀dé ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn wálé wá gbin àgbàdo. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé bí okùn Olúbọ̀dé bá ṣì pé ogójì lọ́tẹ̀ yìí, a ó pè wọ́n wálé. Ogójì ààrò tó láti di ojú ọ̀nà náà mú."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Sọ ọ́ fún Olúbọ̀dé. Mú okùn bọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde láti inú ilé, ó di àádùn sínú ewé. "Adébímpé, Adétáyọ̀ ló ni èyí o. Sọ fún un pé mo ní kó má fún ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ìyá."

Adébímpé gbà á, ó fi í sórí apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gba ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Wùnmí wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń rìn."

"Mo rí i. Ọ̀tún ń lọ sí Ìjàyè, òsì ń padà sílé."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Adébímpé ní, "Òsì ló gbọ́n nínú àwọn méjèèjì."

Nígbà tí wọ́n sọ ẹrù lábẹ́ igi ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ó bi Wùnmí pé ta ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ wọn nígbà tí òun kò sí níbẹ̀.

"Wọ́n ń wá pàdé wa lẹ́yìn ibùdó. Wọ́n ní ká má wọlé, pé ilẹ̀ gbóná. A sọ ẹrù, wọ́n fún wa lókùn, a padà."

"Àwọn wo ló wá?"

"Dìran wà níbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti rù. Àwọn kan tún wà pẹ̀lú rẹ̀."

"Lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?"

"Àwọn kan náà ni."

"Lẹ́ẹ̀kẹta?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní àwọn kan náà ni. Ṣé ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ ojú ni?"

Tẹ́lẹ̀, ààrò kọ̀ọ̀kan ló máa ń rán ẹnì kan wá gba apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ogójì ọkùnrin ló máa ń wá, ariwo wọn á sì gba igbó kan. Kò sí ààrò tó jẹ́ kí ọwọ́ ilé mìíràn kan láfún òun.

Wọ́n sùn ní Àtàdí. Ní Olókemèjì, odò Ògùn ti ń kún nítorí òjò tó rọ̀ lókè. Oníigbá ló gbé wọn kọjá, tó ń fi igbá ńlá tu ẹrù àti èèyàn. Ìkúnwọ́ láfún kan ló ń gbà lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ó ka ẹrù náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ sétí omi, ogójì, ó gba tirẹ̀. Kò gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni wọ́n dé. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́jọ ló wá pàdé wọn lẹ́yìn ibùdó, Dìran ló ṣáájú. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìrìn o. Wọn ò sọ pé ẹ̀yin lẹ máa wá."

"Ẹ kú ogun. Ta ni ì bá wá?"

"Ẹ sọ ẹrù síbí. Ilẹ̀ gbóná nínú lọ́hùn-ún."

"Ilẹ̀ ti gbóná fún mi rí. Àpá rẹ̀ ló wà lójú mi yìí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n." Ó kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Àwọn yòókù sọ tiwọn síbẹ̀, wọn kò wọlé.

Ibùdó náà dákẹ́. Àgọ́ wà ní ìdúró wọn, ààrò wà níwájú àgọ́, eérú tútù wà nínú ààrò. Ọkùnrin méjì jókòó níbi tí mẹ́wàá ti ń jókòó. Ní ibòmíràn, kò sí ẹnì kankan. Àwọn apẹ̀rẹ̀ láfún kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mọ́. Inú àgọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Adébímpé wọ ibẹ̀. Ó mọ apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ bí èèyàn ṣe ń mọ ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Ẹrù tó dé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn wà níbẹ̀, mẹ́rìnlélógún nínú ogójì kò tíì ṣí. Apẹ̀rẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ tó ti pẹ́ ju ìyókù lọ. Ó tú u. Kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

Ó dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ó yọ mẹ́rìnlélógún kúrò nínú ogójì, ó ku mẹ́rìndínlógún tí wọ́n jẹ. Ó tún un ṣe, kí ó lè dá a lójú. Mẹ́rìndínlógún náà ni.

Nígbà tó jáde, Dìran wà lẹ́nu ọ̀nà. Adébímpé na ìdì àádùn sí i. "Adétáyọ̀ ló ni ín. Níbo ló wà?"

Dìran wo ìdì náà, kò gbà á. "Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ilé wọn."

"Mo ní níbo ló wà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e síbẹ̀."

Ó gbé e síbẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó ní ààrò náà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó jí bá Dìran tó ń dáná. Iná àkọ́kọ́, ti ilé tiwọn, mú. Dìran yọ ìtì igi kan nínú rẹ̀, ó gbé e lọ sí ààrò kejì, ó kó ewé tútù lé e kí ó lè yọ èéfín. Ó tún lọ sí ìkẹta, ààrò ilé Olúṣẹ̀yẹ. Ó kúnlẹ̀ fẹ́ iná náà títí ó fi mú. Àádùn ṣì wà níbẹ̀ nínú ewé. Ní gbogbo ibùdó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, ọkùnrin kan sí ààrò méjì, òmíràn sí mẹ́ta. Nígbà tí oòrùn yọ, Adébímpé ka èéfín. Ogójì ni.

Olúbọ̀dé pè é. Ọkùnrin náà ti darúgbó láàárín ìrìn àjò mẹ́rin. Ó jókòó lórí awọ, àpò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fi ọwọ́ lé.

"Ìwọ náà ti rí i," ó ní.

"Láfún ni mo rí, Bàbá. Mi ò rí àwọn tó yẹ kó jẹ ẹ́."

"Ọjọ́ kan ṣoṣo la fi jà, a pàdánù púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ gbígbóná wọlé, ó mú ju ìbọn lọ." Ó fọwọ́ kan àpò náà. "Irun orí wọn àti èékánná wọn nìyí. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀. Títí èyí yóò fi délé, kò sí ẹni tó kú."

Adébímpé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kú sójú ogun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ túfọ̀ rẹ̀ kí irun rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó bí i. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sin ín láìsí ara rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi í ránṣẹ́?"

"Ta ló máa gbé àpò tó tóbi báyìí gba Òṣíẹ̀lẹ̀ kọjá tí wọn ò ní mọ̀? Ọjà kan náà là ń ná pẹ̀lú àwọn Ìbàdàn. Wo òkè yẹn." Ó nawọ́ sí àpáta kan lókèèrè. "Àwọn Ìbàdàn wà níbẹ̀ láràárọ̀. Èéfín wa ni wọ́n ń kà, bí àwa náà ṣe ń ka tiwọn. Ogójì ni wọ́n ń rí. Ọjọ́ tó bá di mẹ́rìndínlógún, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n máa dé."

"Bàbá, ilé náà ogójì ni wọ́n ń kà."

"Mo mọ̀."

"Láfún ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín. Èèyàn lẹ fẹ́."

"Mo mọ̀. Èyí tó ṣẹ́kù lára láfún náà, àwọn ọmọ Ìjàyè tí ebi ń pa ni mò ń fún."

"Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó kù." Ó jíṣẹ́ Olúṣẹ̀yẹ fún un, pé bí okùn bá pé ogójì, wọ́n á pe àwọn tó wà lápá ọ̀tún wálé wá gbin àgbàdo.

Olúbọ̀dé tún wo àpáta náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn yẹn nìkan ló jẹ́ kí a máa sùn."

"Kí ni kí n wá mú lọ fún wọn?"

"Okùn. Ogójì ààrò ló ń jó, ogójì kókó ló máa wà níbẹ̀. Bí mo bá ta mẹ́rìndínlógún, gbogbo ilé máa bú sẹ́kún, ẹkún náà á dé Ìbàdàn kí ìwọ tó padà síbí." Ó mú un búra lórí irin pé kò ní fẹnu sọ ikú ẹnikẹ́ni, kò sì ní sọ iye èèyàn tó kù. Adébímpé búra. Ó gba okùn náà.

Dìran sìn ín dé ẹ̀yìn ibùdó. Ọrùn rẹ̀ ti di tín-ínrín.

"Ò ń jẹun?" Adébímpé bi í.

"Oúnjẹ ò wọ́n wa, Ẹ̀gbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa wò ó, a ti di ọlọ́rọ̀."

"Ààrò mélòó lò ń dá?"

"Mẹ́ta. Àwọn tí mo ń fẹ́ iná fún kì í sọ pé oúnjẹ kò dùn."

"Dákẹ́ ẹnu rẹ," Adébímpé ní, ó sì kọjú sọ́nà.

Títí wọ́n fi dé Olókemèjì, kò bá Wùnmí sọ gbólóhùn méjì. Wùnmí sọ tirẹ̀ fún ara rẹ̀. Létí odò, oníigbá jókòó, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Apẹ̀rẹ̀ òfìfo ni wọ́n kó bọ̀, wọ́n kì í gba nǹkan lórí ìyẹn, nítorí náà kò kà wọ́n. Ó ń tu wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé, méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Adébímpé bi í léèrè.

"Bàbá oníigbá, èèyàn mélòó lẹ gbé lọ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn?"

"Ogójì ẹrù."

"Mo ní èèyàn."

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó béèrè iye ẹja inú odò. "Ta ló ń ka ìyẹn?"

Adébímpé jókòó sórí òkúta títí gbogbo àwọn yòókù fi kọjá. Òun ló kọjá kẹ́yìn. Láti ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta, ó ń yára rìn, ẹsẹ̀ òsì náà kò sì dùn ún.

Kò yà sílé. Inú agbo ilé Olúṣẹ̀yẹ ló lọ tààrà, òṣùká rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pọ́n ọkọ́ fún òjò. Ìyàwó rẹ̀ ń yín àgbàdo tí wọ́n máa gbìn.

"Ẹ kúulé o."

"Kú ààbọ̀. Okùn dà?"

Ó gbé e fún un. Olúṣẹ̀yẹ fi àtàńpàkò kà á, kókó kan lẹ́yìn òmíràn. "Ogójì. Ó pé."

"Ó pé, Bàbá."

"Ó dára. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún yóò máa bọ̀ wálé. Ìwọ náà lo máa mú iṣẹ́ náà lọ."

"Ṣé àádùn náà dé ọwọ́ ọmọ mi?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀, Ìyá Adétáyọ̀."

"Kò sì fi iṣẹ́ kankan rán ọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n á jẹun tán, wọ́n á gbàgbé ẹni tó sè é."

Adébímpé tú etí ìró rẹ̀. Ó da ìkúnwọ́ láfún kan sórí ẹní níwájú Olúṣẹ̀yẹ. Láfún náà ń rìn.

Obìnrin náà pariwo, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Láfún Adébímpé ti bímọ o! Ìwọ ló ń kó ìyẹn lọ fún àwọn ọmọ wa?"

"Ìyá Adétáyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, òùngbẹ ń gbẹ mí. Omi tútù, ti ẹ̀yìnkùlé."

Obìnrin náà dìde, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Olúṣẹ̀yẹ kò rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ ni, ó mọ iye ọjọ́ tí kòkòrò fi ń wọ oúnjẹ.

"Èyí ti pẹ́ tó oṣù kan."

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

"Kí ló ń ṣe ní ibùdó? Àwọn ọmọ ogun kì í jẹ́ kí láfún pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́wàá."

"Bàbá, mo búra. Ohun tí mo rí nípa èèyàn, mi ò lè sọ ọ́. Ẹ bi mí nípa láfún. Kò sẹ́ni tó mú mi búra lórí láfún."

Olúṣẹ̀yẹ fi ọkọ́ sílẹ̀. "Apẹ̀rẹ̀ mélòó ni wọ́n ń jẹ báyìí láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ṣé ara wọn ò yá ni, tí wọn ò fi lè jẹun?"

"Àwọn tó ń jẹun ń jẹ àjẹyó."

Olúṣẹ̀yẹ wo okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wo láfún. "Ogójì ààrò lokùn sọ."

"Ogójì ni. Mo rí èéfín kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn Ìbàdàn náà ń rí i láràárọ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọn ò fi tíì dé."

Ẹyẹ kan ń ké lórí òrùlé. Olúṣẹ̀yẹ ń ṣe ìṣirò náà lójú rẹ̀, Adébímpé sì dúró dè é. Nígbà tó parí rẹ̀, ó béèrè ohun tó ti mọ̀ pé ó máa béèrè.

"Ta ló ń dáná ní ààrò ilé mi?"

Adébímpé kò lè purọ́, kò sì lè sọ èyí tó búra lé lórí. Ó wá èyí tó wà láàárín méjèèjì, ó sọ ọ́. "Dìran, àbúrò mi."

Dìran kì í ṣe ọmọ ilé náà. Kò sí àlejò tó ń dáná ní ààrò ilé tí ọmọ ilé wà níbẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ gbé ọkọ́ náà, ó fi ìka kan ẹnu rẹ̀ bóyá ó mú, ó tún fi í sílẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lo fẹ́?" ó ní.

"Kí ẹ má pe àwọn tó wà lápá ọ̀tún wálé. Kí ẹ sì fún mi ní ọkùnrin mẹ́rìnlélógún lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan fún apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọn ò jẹ."

"Bí ọkùnrin mẹ́rìnlélógún bá fi ìbọn kọ́ èjìká jáde lẹ́nu odi, ilẹ̀ ò ní ṣú kí wọ́n tó gbọ́ n'Íbàdàn."

"Wọn ò ní fi ìbọn kọ́ èjìká. Ẹrù ni wọ́n máa rù. Ogójì ẹrù ló ń lọ láti ọdún tó kọjá, ogójì ló máa lọ. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn á jẹ́ láfún. Mẹ́rìnlélógún yòókù, ẹ̀tù nísàlẹ̀, láfún lójú, ìbọn nínú ìdì ẹní lórí rẹ̀. Láfún tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ á tó wọn jẹ."

"Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ ò ní pé mọ́."

"Kò sẹ́ni tó ń ka ẹni tí kò ru ẹrù, Bàbá. Mo ti béèrè."

"Ta ló máa bá wọn gbin àgbàdo?"

"Obìnrin mẹ́rìnlélógún ni kò ní bá wa lọ. Ọwọ́ wọn á ṣófo."

"Kí ni kí n sọ fún àwọn ilé tí mo bá ti fẹ́ mú wọn?"

"Pé ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ń yọ sobìyà. Gbogbo ìlú ló rí tèmi."

Ìgbà yẹn ni Olúṣẹ̀yẹ tó wò ó lójú dáadáa. Ó ká okùn náà mọ́ ọwọ́, ó ti í sábẹ́ ẹní tó jókòó lé. "Ẹnikẹ́ni ò ní rí okùn yìí. Màá sọ pé omi odò gbé e lọ. Títí okùn mìíràn yóò fi dé, àwọn ti apá ọ̀tún kò lè kúrò." Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. "Mẹ́tàlélógún ni mo máa wá fún ọ ní àwọn ilé yòókù. Ẹnì kan tó kù á ti ibí wá. Túbọ̀sún ni."

Túbọ̀sún ni àbúrò Adétáyọ̀. Kò sí ọmọkùnrin mìíràn nínú ilé náà.

"Bàbá, mi ò béèrè bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o kò béèrè. Ààrò tèmi nìyẹn. Jẹ́ kí Dìran lọ dá tirẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ dé pẹ̀lú omi nínú igbá. Ó gbé omi fún Adébímpé, ó sì wo ojú àwọn méjèèjì. "Kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Ṣé láfún náà ni?"

"Láfún náà ni," Olúṣẹ̀yẹ ní. "Mo ní kó bójú tó o dáadáa."

"Ẹ ṣeun tí ẹ bá a wí. Adébímpé, ìgbà wo lẹ tún ń lọ?"

"Ọ̀tùn-únla."

"Dúró díẹ̀." Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ìdì àádùn mìíràn tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ó ti dì í sílẹ̀ kí Adébímpé tó dé. "Èyí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́. Sọ fún un pé mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Kó fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ."

Adébímpé mu omi náà tán. Ó dá igbá padà fún un, ó gba ìdì náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Wọ́n máa jẹ ẹ́," ó ní.

Ó mú òṣùká rẹ̀ nílẹ̀, ó dìde, ó sì lọ.